Rédà Bàálù Ajagun Òde Òní: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ bàálù ajagun kì í pẹ́ di àríyànjiyàn. Ẹnì kan á ní Su-35 ti Rọ́ṣíà ń rí nǹkan láti 400 kìlómítà, ẹlòmíì á ní F-35 ti Amẹ́ríkà á ti já a lulẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, ẹnì kẹta á wá bèèrè pé ti Nàìjíríà wá ńkọ́. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde jù la kó jọ síhìn-ín. Mo ní èrò kan, mi ò sì ní fi pa mọ́: iye kìlómítà tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó rédà kò tó ohun tí èèyàn lè fi dájọ́ bàálù.

Kí ni rédà ń ṣe gan-an nínú bàálù ajagun?

Ó ń ju ìgbì rédíò síta láti imú bàálù, ó sì ń dúró de èyí tó bá gbá nǹkan tó sì padà wá. Ìgbì rédíò ń sáré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọ̀tá bá wà ní 150 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ ìgbì náà kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kọ̀ǹpútà ń fi àkókò yẹn ṣírò bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó, ó ń fi ibi tí áńténà kọjú sí mọ ìhà tó wà, ó sì ń fi ìyípadà tó bá ìgbì náà nígbà tó ń bọ̀ mọ̀ bóyá nǹkan náà ń sún mọ́ tòsí ni àbí ó ń lọ.

Ìyípadà yìí ni wọ́n ń pè ní Doppler, òun ló sì jẹ́ kí rédà lè wo ìsàlẹ̀. Bí bàálù tó wà lókè bá ju ìgbì sísàlẹ̀, ilẹ̀, igi àti òkè ló máa dá èyí tó pọ̀ jù padà, ọ̀tá tó ń fò nítòsí ilẹ̀ á sì sọnù sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í rìn. Ohun tó ń rìn ni Doppler ń ṣà jáde. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, awakọ̀ òfuurufú Sófíẹ́ẹ̀tì kan, Viktor Belenko, gbé MiG-25 sá lọ sí Hakodate ní Japan. Àwọn Amẹ́ríkà tú bàálù náà palẹ̀, wọ́n sì bá rédà kan níbẹ̀ tí agbára rẹ̀ tó 600 kílówáàtì, tó kún fún fáàfù onígíláàsì. Agbára ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ohun tó ń fò nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀.

Rédà bàálù wo ló ń rí ọ̀nà jíjìn jù?

Lórí ìwé, Irbis-E inú Su-35 ti Rọ́ṣíà ló máa ń gba ipò kìíní láàárín àwọn tí wọ́n ti sọ iye tiwọn síta. Agbára rẹ̀ tó 20 kílówáàtì, àwọn tó ṣe é sì ní ó lè rí bàálù láti 350 sí 400 kìlómítà. Ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn yẹn wò, torí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Bàálù tí wọ́n ní lọ́kàn tóbi tó 3 m² lójú rédà. Ìtóbi lójú rédà yìí kì í ṣe ìtóbi ara bàálù fúnra rẹ̀; ó dá lórí bí ìgbì tó bá gbá a ṣe ń padà tó. Bàálù gbàgẹ̀rẹ̀ tó so bọ́ǹbù mọ́ abẹ́ apá máa ń tóbi gan-an lójú rédà. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ara rẹ̀ kí ìgbì lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, apá kékeré kan lójú ọ̀run, nǹkan bíi dìgírì 10 níbùú àti 10 lóròó, ni rédà tẹjú mọ́ kó tó rí 400 yẹn. Tí awakọ̀ bá ní kó wo ibi tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè já sí nǹkan bíi 200.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Agbára ìgbì ń dín kù bó ṣe ń lọ, ó tún ń dín kù bó ṣe ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí rédà òun rí ìlọ́po méjì ọ̀nà tó ń rí tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lápá kejì: tí ọ̀tá bá sọ ara rẹ̀ di ìdá kan nínú 10,000 lójú rédà, ibi tí wọ́n ti lè rí i á di ìdá kan péré nínú mẹ́wàá. Àwọn tó ṣe Irbis fúnra wọn sọ pé tí nǹkan náà bá kéré tó 0.01 m², nǹkan bíi 90 kìlómítà ni rédà ti máa rí i. Ẹ fi ìṣirò yẹn wò ó, ẹ máa rí i pé ó bára mu. Rédà kan náà ni o, 400 ló di 90.

Ẹ tún rántí mísáìlì. PL-15E tí Ṣáínà ń tà fún òkè òkun, 145 kìlómítà ni wọ́n kọ sí i lára, iye yẹn sì máa ń dín kù gan-an tí ọ̀tá bá yí ẹ̀yìn padà tó sá. Kí ni èèyàn fẹ́ fi rírí ní 400 ṣe tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè dé ibẹ̀? Ó wúlò láti mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn rí ọ̀tá, ọ̀tọ̀ ni kó pa á.

Kí ni PESA àti AESA tí wọ́n ń pariwo?

Rédà àtijọ́ ní áńténà pẹlẹbẹ kan ní imú bàálù, mọ́tò ló sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò. Ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ bàálù títí dòní. Ṣùgbọ́n irin ni, eré rẹ̀ ní ibi tó mọ; nígbà tó bá kọjú sí ọ̀tún, kò mọ ohun tó ń lọ lósì.

PESA ló tẹ̀ lé e. Nínú èyí, ibi kan ṣoṣo ni agbára ìgbì ti ń wá, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó kún ojú áńténà ló ń darí rẹ̀ síbi tí wọ́n bá fẹ́, láìsí pé irin kankan yí. MiG-31 ti Sófíẹ́ẹ̀tì, tó wọ iṣẹ́ ogun ní 1981, ni bàálù ajagun àkọ́kọ́ tó gbé irú rẹ̀. Zaslon ni wọ́n ń pe rédà náà. Ó lè máa tẹ̀ lé ohun mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kó sì ju mísáìlì sí mẹ́rin nínú wọn. Irbis tí a sọ lókè náà, PESA ni.

Ti AESA yàtọ̀. Kò sí orísun kan ṣoṣo mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀rọ tíntìntín ló wà lójú áńténà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ju ìgbì tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbà á padà. Tí ogún bá kú nínú wọn, rédà á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ; ti àtijọ́, tí mọ́tò bá ti dákú, ó parí nìyẹn. AESA lè máa wá ọ̀tá lójú ọ̀run kó sì tún máa ya àwòrán ilẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ó sì lè máa pààrọ̀ ìgbì rẹ̀ lemọ́lemọ́ débi pé ó ṣòro fún ọ̀tá láti mọ ohun tó ń gbọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé AESA jáde nínú bàálù ajagun. Japan ló ṣe é, nínú F-2 ti Mitsubishi, ní ọdún 2000. Amẹ́ríkà náà kò jìnnà sí wọn: láàárín àkókò yẹn ni wọ́n gbé tiwọn sínú F-15C bíi méjìdínlógún tó wà ní Alaska.

AESA ní àléébù kan. Nítorí pé ojú áńténà kò yí, kò ríran dáadáa kọjá nǹkan bíi dìgírì 60 lápá ọ̀tún àti 60 lápá òsì. Àwọn ará Yúróòpù wá gbé áńténà AESA sórí irin tó ń yí, nínú Gripen E àti Eurofighter, ojú rẹ̀ sì gbòòrò tó nǹkan bíi 100 lápá kọ̀ọ̀kan. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé irin tí wọ́n sá fún ni wọ́n tún padà sí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀: awakọ̀ lè yìn mísáìlì, kó ya kúrò lójú ọ̀nà ọ̀tá, kó sì tún máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́ títí mísáìlì yóò fi bá a.

Rédà wo ló wà nínú bàálù wo?

Ti Amẹ́ríkà ni: APG-77 nínú F-22, ẹ̀rọ kéékèèké ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000, APG-81 nínú F-35, APG-79 nínú Super Hornet, APG-82 nínú F-15EX, APG-83 nínú F-16 tuntun. AESA ni gbogbo wọn.

Faransé gbé AESA sínú Rafale láti ọdún 2012. RBE2 ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ ojú rẹ̀ ju 800 lọ díẹ̀, torí pé imú Rafale kéré. Àwọn kan ń fi ìyẹn bú Rafale. Èmi kò rí ẹ̀bi níbẹ̀. Ìwọ̀n imú bàálù ló ń pinnu ìwọ̀n áńténà, ẹni tó bá fẹ́ bàálù tó fúyẹ́ tó sì lè balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Ti Eurofighter ló lọ́ jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Captor onímọ́tò ni wọ́n ń lò, ó sì dára gan-an láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó ni bàálù náà kò tètè fẹnu kò lórí owó AESA. Kuwait àti Qatar, àwọn oníbàárà, ló kọ́kọ́ gbà á. Jámánì àti Spéìnì ń ṣe ẹ̀dà tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì sì ń ṣe AESA tirẹ̀, ECRS Mk2, ní Edinburgh, èyí tí wọ́n gbé fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2024. Edinburgh yìí kan náà ni wọ́n ti ń ṣe Raven tó wà nínú Gripen E ti Swídìn. Bràsíl ra 36 nínú Gripen náà, F-39 sì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Rọ́ṣíà ní Irbis nínú Su-35, Bars nínú Su-30 tí wọ́n tà fún Íńdíà, àti N036 nínú Su-57. Ti Su-57 ní AESA ní imú, ó ní méjì kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó tún ní òmíràn tí ìgbì rẹ̀ gùn nínú etí apá. Ti Ṣáínà: AESA wà nínú J-10C, J-16 àti J-20, ṣùgbọ́n Ṣáínà kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dárúkọ iye ẹ̀rọ tó wà lójú rédà J-20 fún yín, ìméfò ló ń sọ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé rédà kò lè rí bàálù stealth, èyí tí wọ́n gbẹ́ kó lè fara sin lójú rédà?

Rárá o. Ó lè rí i, ó kàn máa ń pẹ́ kó tó rí i ni. Bí rédà kan bá ń rí bàálù lásán láti 150 kìlómítà, tí ti stealth sì jẹ́ ìdá kan nínú 10,000 rẹ̀, 15 kìlómítà ni wọ́n máa fi rí i. Kó tó dé 15 yẹn, òun á ti rí wọn tipẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbẹ́ ara irú bàálù bẹ́ẹ̀ dojú kọ ìgbì kúkúrú, bíi sẹ̀ntímítà mẹ́ta, tí rédà bàálù ajagun ń lò. Ìgbì gígùn, tó tó mítà kan tàbí méjì, kì í fi bẹ́ẹ̀ ka gbígbẹ́ yẹn sí. Ìdí nìyí tí rédà àtijọ́ orí ilẹ̀ fi máa ń rí ohun tí tuntun kò rí. Àléébù wọn ni pé wọn kì í lè sọ ibi tí nǹkan wà gan-an débi tí mísáìlì lè fi bá a.

Ẹ gbọ́ ti Sẹ́bíà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1999, àwọn ọmọ ogun tí Zoltán Dani ń darí já F-117, bàálù stealth ti Amẹ́ríkà, lulẹ̀ nítòsí abúlé Buđanovci. Ohun ìjà wọn, S-125, ti wà láti ọdún 1960 sí i, rédà P-18 onígbì gígùn ló sì kọ́kọ́ fi ìhà tí F-117 ń gbà bọ̀ hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe rédà nìkan ló ṣe é. Àwọn Amẹ́ríkà ti ń gba ojú ọ̀nà kan náà lálaalẹ́. Dani sì ti pàṣẹ pé rédà tó ń tọ́ mísáìlì sọ́nà kò gbọ́dọ̀ tàn kọjá nǹkan bíi 20 ìṣẹ́jú àáyá, kí mísáìlì tó ń wá rédà kiri má baà rí ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọmọ ogun ni mo máa ń rí nínú ìtàn náà ju ti ẹ̀rọ lọ.

Wọ́n ní awakọ̀ máa ń pa rédà rẹ̀ lójú ìjà. Kí ló dé?

Ọdẹ tó de iná mọ́rí lóru á rí ojú ẹran, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú igbó ló ti rí iná rẹ̀ kó tó rí wọn. Gbogbo bàálù ajagun òde òní ló ní ẹ̀rọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbọ́ rédà ẹlòmíì lọ. Rédà ń dúró de àlọ àti àbọ̀ ìgbì. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ yìí, àlọ nìkan tó o. Nítorí náà, ó máa ń gbọ́ rédà láti ibi tó jìnnà gan-an ju ibi tí rédà náà ti lè rí i lọ.

Kí wá ni awakọ̀ fi ń ríran? Ó lè lo ẹ̀rọ tó ń wá ooru ẹ́ńjìnnì ọ̀tá, tí kì í ju ohunkóhun síta. Su-27 ti ní i láti ìgbà Sófíẹ́ẹ̀tì. Rafale, Eurofighter àti F-35 náà ní tiwọn. Àléébù rẹ̀ ni pé ìkùukùu máa ń dí i lójú, kì í sì í tètè mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni ìsopọ̀. Bàálù kan tan rédà rẹ̀ níbi tó jìnnà, ó ń fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta tó pa tiwọn, àwọn yẹn ló sì máa yìn. Swídìn ti ń kọ́ awakọ̀ wọn ní èyí tipẹ́. F-35 ní ìsopọ̀ tirẹ̀ tó dojú kọ bàálù ẹgbẹ́ rẹ̀ tààrà kí ẹlòmíì má baà gbọ́.

Rédà AESA náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: ó ń fi agbára díẹ̀díẹ̀ ju ìgbì tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, kó lè rí bí ariwo lásán létí ọ̀tá. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbọ́ náà ń gbọ́n sí i lọ́dọọdún.

Kí ni awakọ̀ lè ṣe tó bá rí i pé rédà ti mú òun?

Ó lè sọ̀ kalẹ̀. Ayé rí róbótó, ìgbì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń lọ gbọọrọ. Bàálù tó wà ní gíga 10,000 mítà lè rí ojú ilẹ̀ títí dé nǹkan bíi 410 kìlómítà. Rédà orí ilẹ̀ tí áńténà rẹ̀ ga ní mítà 10 kò lè rí bàálù tó ń fò ní 100 mítà àfi tó bá ti wọ nǹkan bíi 54 kìlómítà, agbára yòówù kó ní.

Ó sì lè fi ẹ̀gbẹ́ hàn. Doppler ń ṣa ohun tó ń sún mọ́ tàbí tó ń lọ. Bí awakọ̀ bá yí bàálù rẹ̀ débi pé kò sún mọ́ rédà, kò sì jìnnà sí i, rédà lè kà á mọ́ ilẹ̀ tí kò rìn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló fi ń rí ààbò náà, ṣùgbọ́n ó lè tó kí mísáìlì ṣìnà.

Ọ̀tọ̀ ni dídí rédà lójú: kí wọ́n da ariwo bò ó, kí wọ́n fi ìgbì irọ́ dá a lóhùn, tàbí kí wọ́n fa ẹ̀rọ atannijẹ kékeré kan tẹ̀ lé bàálù lẹ́yìn. APG-81 inú F-35 lè fi áńténà rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ ní gbangba: láàárín F-22, F-35, Su-57 àti J-20, rédà wo ló dára jù?

Tó bá jẹ́ rédà nìkan, mo máa mú F-35. Kì í ṣe nítorí pé ó ń ríran jìnnà jù; ti F-22 ní ẹ̀rọ púpọ̀ jù ú lọ lójú. Ó jẹ́ nítorí pé rédà F-35 kì í dá sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ń da ohun tí rédà rí, ohun tí kámẹ́rà ooru rí àti ohun tí etí bàálù gbọ́ pọ̀, àwòrán kan ṣoṣo sì ni awakọ̀ ń wò. Èrò Su-57, rédà lọ́tùn-ún, lósì àti nínú apá, wù mí gan-an, ṣùgbọ́n ara Su-57 kò fara sin tó ti Amẹ́ríkà, wọn ò sì tíì ṣe púpọ̀. J-20 ní imú ńlá, áńténà ńlá sì lè gbé níbẹ̀. Ṣáínà ń kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Lójú tèmi, iye ọkọ̀ tí wọ́n ń kó jáde yẹn ló yẹ kí ọ̀tá rẹ̀ bẹ̀rù ju rédà lọ.

Kí ni ogun Ukraine fi hàn?

Ó fi hàn pé rédà inú imú mísáìlì lè ṣe pàtàkì ju ti imú bàálù lọ. MiG-29 àti Su-27 tí Ukraine jogún láti ìgbà Sófíẹ́ẹ̀tì ń lo R-27R. Mísáìlì yìí kì í ju ìgbì fúnra rẹ̀. Ìgbì tí bàálù tó yìn ín ń jù ló ń tẹ̀ lé. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ imú sí ọ̀tá títí yóò fi débẹ̀. Su-35 Rọ́ṣíà ń lo R-77-1, tó ní rédà tirẹ̀: awakọ̀ yìn ín, ó yà lọ. MiG-31BM sì ń ju R-37M láti òkèèrè, èyí tí wọ́n ní ó lè lọ ju 300 kìlómítà. Nígbà tí F-16 dé ọwọ́ Ukraine ní 2024, rédà onímọ́tò àtijọ́ ló wà nínú wọn, ṣùgbọ́n mísáìlì AIM-120 tí wọ́n bá wọn gbé wá ní rédà tirẹ̀. Ìyẹn gan-an ni awakọ̀ Ukraine ń wá.

Ti ìjà Íńdíà àti Pakístánì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ńkọ́? Ṣé rédà Ṣáínà ló ju ti Faransé lọ ni?

Pakístánì sọ pé J-10C òun, tí Ṣáínà ṣe, fi mísáìlì PL-15 já bàálù Íńdíà lulẹ̀, Rafale sì wà lára wọn. Ọ̀gá àgbà ọmọ ogun Íńdíà gbà ní ìparí oṣù náà pé àwọn pàdánù bàálù, ṣùgbọ́n kò sọ iye. AESA wà nínú J-10C, AESA wà nínú Rafale. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ yára sọ pé rédà kan fìyà jẹ èkejì kò wo ohun tó wà láàárín wọn: Pakístánì ní bàálù Erieye tí wọ́n rà lọ́wọ́ Swídìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi rédà ńlá wo ojú ọ̀run láti ẹ̀yìn, kó sì máa sọ ohun tó rí fún àwọn tó wà níwájú. Ó tún kan àṣẹ tí wọ́n fún awakọ̀ kó tó gbéra. Èyí tí Íńdíà pa fún awakọ̀ tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní ni kó má kọ lu ibùdó ọmọ ogun Pakístánì, ibùdó àwọn agbésùnmọ̀mí nìkan ni kó lọ fọ́. Kò sí rédà tó lè bá èèyàn ṣe àtúnṣe irú ìyẹn.

Ti Nàìjíríà ńkọ́?

JF-17 mẹ́ta tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà gbà wọlé ní Makurdi ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ń lo KLJ-7, rédà Ṣáínà onímọ́tò tó ní Doppler. JF-17 Block III tó wà lọ́wọ́ Pakístánì ló ní AESA. Leonardo ti Ítálì náà ń ṣe M-346FA 24 fún Nàìjíríà, rédà Grifo ló wà nínú wọn.

Super Tucano 12 tó wọ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà kò ní rédà ajagun rárá. Kámẹ́rà ọ̀sán àti òru tó wà lábẹ́ wọn ni wọ́n fi ń ríran. Àwọn kan ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn tí Nàìjíríà ń bá jà ní Borno kò ní bàálù ajagun. Ọ̀kadà àti ọkọ̀ Hilux ni wọ́n ń gùn. Kámẹ́rà tó lè fi hàn bóyá ìbọn ni ọkùnrin kan gbé tàbí ọkọ́ wúlò fún irú ogun bẹ́ẹ̀ ju AESA ọlọ́wọ́n gógó lọ, ó sì lè gba ẹ̀mí ará abúlé là.

Báwo ni aráyé ṣe mọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tó bá jẹ́ àṣírí ni?

Ìwé ìpolówó àwọn tó fẹ́ tà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa fojú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣírí máa ń jò lọ́nà míì. Adolf Tolkachev jẹ́ ẹnjiníà nílé iṣẹ́ rédà kan ní Moscow. Ní 1977 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí òun á ṣe bá CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n sì gbà á, ó ń ya àwòrán ìwé àṣírí rédà àwọn bàálù tuntun Sófíẹ́ẹ̀tì fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Amẹ́ríkà ti mọ bí wọn á ṣe dí àwọn rédà kan lójú kí wọ́n tó pọ̀ lóde. Wọ́n mú un ní 1985, wọ́n sì pa á ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ṣé òjò máa ń dí rédà bàálù lọ́wọ́?

Òjò ńlá máa ń fa agbára ìgbì kúkúrú mu. Ṣùgbọ́n lókè, níbi tí bàálù ajagun sábà máa ń fò, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló máa ń bá a jà.

Ṣé ó léwu fáwọn tó ń tún bàálù ṣe?

Ó léwu tó bá ń ṣiṣẹ́ tí èèyàn dúró síwájú rẹ̀ nítòsí, torí ìgbì náà lè gbóná mọ́ ẹran ara, ojú ló sì ń tètè bà jẹ́. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ bàálù ní ìdènà kan lára ẹsẹ̀: bí táyà bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀, rédà kò ní ju ìgbì síta àfi tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ tú ìdènà náà láti dán an wò. Wọ́n á ti kọ́kọ́ lé gbogbo èèyàn kúrò níwájú imú bàálù kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀.